Báńdì rọ́ọ̀kì ẹlẹ́ni mẹ́ta: ṣé ká dúró bẹ́ẹ̀, àbí ká gba oníkíbọ́ọ̀dù yìí?

GìtáÀpẹ́tẹ̀ · Ọjọ́ Ajé, 8:12 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn torí ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ dìjà láàárín wa. Àwa mẹ́ta la wà nínú báńdì wa, èmi ni mò ń ta gìtá tí mo tún ń kọrin, ọ̀rẹ́ mi kan wà lórí béèsì, ìkan wà lórí dírọ́ọ̀mù. Yàrá kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù l'Àpẹ́tẹ̀ la ti ń ṣe rìhásà, ó ti tó ọdún kan àtààbọ̀ báyìí. Rọ́ọ̀kì la ń ṣe, a máa ń bu highlife díẹ̀ sí i kí àwọn àgbà má baà dìde.

Sátidé tó kọjá wọ́n pè wá sí ọjọ́ìbí kan l'Ákóbọ̀. Orin mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn, àwọn èèyàn ń mi orí. Ó wá kan orin kẹrin tí mo máa ń ta sóló gígùn nínú ẹ̀. Bí mo ṣe fi kọ́ọ̀dù (okùn púpọ̀ tí à ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan) sílẹ̀ tí mo gun òkè lọ báyìí, ẹ gbà mí gbọ́, ṣe ló dà bíi pé ìdí ìkòkò já. Gìtá mi nìkan ló ń ké lókè bí ẹyẹ, béèsì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, àárín ò sí nǹkan kan. Nígbà tá a sinmi, ẹ̀gbọ́n ọlọ́jọ́ìbí sún mọ́ mi, ó ní "àbúrò, àwọn tó kù ńkọ́, ṣé wọ́n há sí Ìwó Road ni?" Mi ò rí nǹkan fọ̀.

Ẹnì kan wá wà tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì tí onídírọ́ọ̀mù wa ń lọ, ó lóun fẹ́ bá wa ṣe. Onídírọ́ọ̀mù ní ká gbà á kíá. Oníbéèsì ní ọjọ́ tí kíbọ́ọ̀dù bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé lòun máa gba ojú fèrèsé jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí ló wà nínú èèyàn mẹ́ta tí kò sí nínú mẹ́rin, kí sì ni wọ́n ń pàdánù?

BàbáRẹ́kọ́ọ̀dù_Mọ́kọ́lá · 9:40 àárọ̀

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé Chapter One ti BLO wọlé láti Dùgbẹ̀, àwo 1973 ni, láti ọjọ́ náà ni mi ò ti gbà fẹ́ni tó bá ní èèyàn mẹ́ta ò tó. Orúkọ báńdì yẹn gan-an, orúkọ àwọn tó wà nínú ẹ̀ ni: Berkley Jones lórí gìtá, Laolu Akins lórí ìlù, Odumosu lórí béèsì. B, L, O. Kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀ tó jẹ́ ti oníkíbọ́ọ̀dù.

Kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ l'Ékòó ní 1972, Berkley àti Laolu ti bá Ginger Baker ṣeré nínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Salt. Ginger Baker yìí, òyìnbó onílù ni, òun ló wà nínú Cream pẹ̀lú Eric Clapton àti Jack Bruce láti 1966 sí 1968, àwọn mẹ́ta péré tí ariwo wọn ju ti ọjà Bódìjà lọ. Ó fi Land Rover gba aginjù Sàhárà kọjá wá sí Nàìjíríà ní 1971, ó bá Fẹlá ṣe àwo, ó kọ́ sítúdíò s'Íkẹjà. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ báńdì ẹlẹ́ni mẹ́ta yìí kì í ṣe nǹkan tá a rí nínú fóònù lánàá, ó ti gba ojúlé wa kọjá.

Ohun tó ń dùn mí nínú ẹ̀ títí dòní ni pé o máa ń gbọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tó o bá gbé etí sí béèsì Odumosu nìkan, wàá lè fi ẹnu kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni ń kọ orin. Lọ gbìyànjú ìyẹn pẹ̀lú báńdì tó ní gìtá mẹ́rin. Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Bá mi kí oníbéèsì rẹ, sọ fún un kó má lọ ibì kankan.

Béèsì_Agbowó · 10:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ Bàbá. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ yín o, ṣùgbọ́n ààrò kì í kọrin, ààrò ò sì ta sóló rí 😄

GìtáÀpẹ́tẹ̀, ihò tó o gbọ́ yẹn, kì í ṣe àìtó èèyàn ló fà á. Okùn tó nípọn jù lórí béèsì, nǹkan bíi 41 Hz ló ń dún (ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ti gìtá jẹ́ bíi 82, ìlọ́po méjì gééré. Nígbà tó o bá ń ta kọ́ọ̀dù, gìtá ẹ ló tẹ́ ẹní sí gbogbo àárín, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ilẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀. Ìgbà tó o bá wá gun ọrùn gìtá lọ sókè fún sóló, o ti ká ẹní ẹ lọ, oníbéèsì ẹ sì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó ń lu nọ́ọ̀tì kan náà bí ẹni ń kan ìṣó. Òun ló yẹ kó dìde. Kó gòkè sí okùn kejì àti ìkẹta, kó máa lu nọ́ọ̀tì méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó sì ní pẹ́dàlì tó máa jẹ́ kí ohùn béèsì ẹ̀ ha díẹ̀, torí béèsì tó bá ti ha máa ń wú gba àárín lọ. Lemmy ti Motörhead, kọ́ọ̀dù ló ń ta lórí béèsì bíi pé gìtá ló gbé dání, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi béèrè ibi tí gìtá kejì wà.

Onídírọ́ọ̀mù náà ní iṣẹ́ ńbẹ̀. Tí sóló bá ti bẹ̀rẹ̀ kó fi hi-hat (símbálì méjì tó ń fi ẹsẹ̀ pa pọ̀) sílẹ̀ bọ́ sórí símbálì ńlá, kí ohùn ẹ̀ máa tàn kálẹ̀. Mo ti ń lu béèsì láti ìgbà tí mo wà ní UI, mo mọ nǹkan tí mò ń sọ, oníbéèsì tó bá lóun fẹ́ báńdì ẹlẹ́ni mẹ́ta tí kò sì fẹ́ kúrò lójú kan, ìsinmi ló ń wá.

ỌmọGate · 10:11 àárọ̀

Rọ́ọ̀kì n'Ìbàdàn kẹ̀? Ẹ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lu dùndún ẹ jọ̀ọ́.

OníKíbọ́ọ̀dù_Ṣáńgo · 10:58 àárọ̀

Ẹ ṣé o, èmi tí wọ́n ń bá jà láìṣẹ̀ láìrò 😂 Kì í ṣe èmi ni wọ́n fẹ́ gbà o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdílé ni.

Ẹ jẹ́ n bi yín, ta ló sọ pé ẹlẹ́ni mẹ́ta ò lè ní kíbọ́ọ̀dù? Emerson, Lake & Palmer ńkọ́? Kíbọ́ọ̀dù, béèsì, ìlù, ó parí. Lake máa ń gbé gìtá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lóòótọ́ ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù ni ọ̀gá ilé. Rush náà, báńdì ẹlẹ́ni mẹ́ta tí àwọn ọmọ rọ́ọ̀kì ń pariwo wọn, Geddy Lee ń kọrin, ó ń lu béèsì, ó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, ó tún ń fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì béèsì nílẹ̀, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ tó tún ń din àkàrà. Kí nìdí? Wọ́n fẹ́ kíbọ́ọ̀dù, wọn ò kàn fẹ́ ẹnì kẹrin. Agídí nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi àwo ṣe ẹ̀rí, àwo ń tàn yín ni. Paul McCartney wá sí Èkó ní 1973 láti wá ṣe Band on the Run. Kí wọ́n tó gbéra, onígìtá àti onílù Wings, báńdì ẹ̀, ti bínú kúrò, ó wá ku òun, ìyàwó ẹ̀ Linda àti Denny Laine. Àwọn mẹ́ta. Ṣé èèyàn mẹ́ta lẹ̀ ń gbọ́ nínú àwo yẹn? Òun fúnra ẹ̀ ló lu dírọ́ọ̀mù, ló lu béèsì, ló ta gìtá, wọ́n wá ń to ohùn lé ohùn. Nirvana ńkọ́? Ẹ tẹ́tí sí àwo wọn Nevermind dáadáa, gìtá Kurt Cobain kì í ṣe ẹyọ kan nínú ọ̀pọ̀ orin yẹn. Nígbà tó sì di 1993, wọ́n lọ gbé Pat Smear wá láti máa ta gìtá kejì lórí sítéèjì. Green Day náà, mẹ́ta ni wọ́n nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn sítéèjì, ẹ máa rí Jason White tó ń ta gìtá kejì. Tí àwọn tó lówó láti ra gbogbo ámpù ayé bá ń wá ẹnì kẹrin, kí lẹ ní tí wọn ò ní, ní Àpẹ́tẹ̀?

BàbáRẹ́kọ́ọ̀dù_Mọ́kọ́lá · 11:30 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ McCartney yẹn, ẹ má jẹ́ n bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọlọ́ṣà dá òun àtìyàwó ẹ̀ lọ́nà l'Ékòó, wọ́n gba káséètì tí wọ́n ká àwọn orin tuntun sí lọ, Fẹlá tún lọ bá a ní orin adúláwọ̀ ló wá jí. Ọkùnrin náà ṣáà parí àwo ẹ̀. Mo gbà fún ẹ lórí ti àwo o, ọmọ Ṣáńgo. Ṣùgbọ́n ohun tí BLO ṣe lórí sítéèjì, wọn ò to nǹkan kan lé nǹkan kan níbẹ̀.

ÀyànYẹmẹtù · 12:20 ọ̀sán

ỌmọGate, èmi ni mò ń lu dùndún, ìdílé wa ni, mo sì fẹ́ràn rọ́ọ̀kì, kí lo fẹ́ ṣe?

Ẹ jẹ́ n fi iṣẹ́ wa sọ ọ́ fún yín torí nǹkan kan náà ló jẹ́. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Ó lè kí èèyàn, ó lè pòwe, ó lè bú ẹlòmíì, ó lè dákẹ́ pàápàá kó máa wo ojú ẹni tó fẹ́ náwó. Kí ló jẹ́ kó lè rìn kiri báyẹn? Gúdúgúdú ni, pẹ̀lú kẹríkẹrì àti ìṣáájú. Àwọn omele yẹn ò kúrò lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ìyáàlù ń lọ òde torí ó mọ̀ pé àwọn èèyàn wà nílé.

Nínú báńdì ẹlẹ́ni mẹ́ta, onígìtá ni ìyáàlù, òun náà tún ni omele. Ìgbà tó bá ń ta kọ́ọ̀dù, omele ló ń lù. Tó bá bọ́ sí sóló, ìyáàlù ti lọ òde, ilé sì ti ṣófo. Ẹ̀gbọ́n Àkóbọ̀ yẹn ò mọ nǹkan kan nípa rọ́ọ̀kì ṣùgbọ́n etí ẹ̀ pé, omele ló ń wá! Etí Yorùbá ò fẹ́ràn ilé òfo.

Ẹ wo jùjú. Nígbà tí Tunde King bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó níbi ọdún 1929, ẹlẹ́ni mẹ́ta ló kó jọ, ó parí. Tunde Nightingale tiwa yìí tí wọ́n bí n'Ìbàdàn, òun náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́ni mẹ́ta láàárín àwọn ọdún 1940, nígbà tó máa fi di 1952 ó ti kó èèyàn mẹ́jọ jọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan àwọn Sunny Adé tí gìtá nìkan ju gbogbo BLO lọ. Kì í ṣe ìgbéraga ló mú wọn pọ̀ sí i. Gìtá kan á di gbólóhùn kan mú tí kò ní jẹ́ kó bọ́, ìkan á máa dá a lóhùn, èyí tó kù á wá máa ṣe fújà lókè. Ẹni tó dá gbogbo ẹ̀ ṣe, ó máa tì ní ibì kan.

GìtáÀpẹ́tẹ̀ · 12:44 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Àyàn ẹ ṣeun gan-an, ọ̀rọ̀ omele yìí wọ̀ mí lára. Ìyẹn ni pé kí n gba kíbọ́ọ̀dù kó máa ṣe omele?

ÀyànYẹmẹtù · 12:51 ọ̀sán

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kẹ́ ẹ wá omele. Ó lè jẹ́ pé ó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ ò mọ̀.

OnísípíkàChallenge · 2:15 ọ̀sán

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ orin, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ owó. Èmi ni mo máa ń gbé sáǹdì lọ fún wọn, mo ti ṣe fún jùjú, fújì, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹ̀. Tí wọ́n bá san ₦150,000 fún ẹlẹ́ni mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá yọ epo àti ọkọ̀, ọwọ́ kálukú ṣì bá nǹkan. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́fà kẹ́ ẹ wá wo ìjà. Ẹlẹ́ni mẹ́ta á wọ Micra kan, dírọ́ọ̀mù nínú bùùtù àti lórí itan, ẹ ti dé Àkóbọ̀. Báńdì jùjú á gba ọkọ̀ akérò odindi, ẹni tó ń lu àgídìgbo á sì tún pẹ́.

Fún èmi tí mò ń to sáǹdì, ìgbádùn ni. Máìkì mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí ìlù, ìkan fún gìtá, béèsì wọlé tààrà, máìkì olórin, ó tán. Kò sí ẹni tó ń ní kí n gbé òun sókè díẹ̀ torí ohùn ẹlòmíì bo tòun mọ́lẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré gan-an lè gbé e.

Ibi tó ti ń há ni wákàtí. Òde ìnáwó wa, wákàtí márùn-ún ni, mẹ́fà nígbà míì. Èèyàn mẹ́ta ò lè ṣe é kó má sú àwọn tó jókòó, tàbí kí ọwọ́ onílù má bó. Ní báńdì ńlá, ìkan á lọ jẹ ẹ̀bà, ìkan á lọ tọ̀, orin ò dúró. Nínú ẹlẹ́ni mẹ́ta tí ẹnì kan bá lọ tọ̀, ẹ ti sinmi nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó fẹ́ ná owó fẹ́ gbọ́ orúkọ bàbá ẹ̀, ta ló máa kì í nígbà tí olórin ń wá ibi tí ìka ẹ̀ máa bọ́ sí lórí gìtá?

Ìmọ̀ràn mi, ẹ má gba òde ìnáwó. Wákàtí kan, ibi tí wọ́n ti mọ nǹkan tí wọ́n wá gbọ́, ibẹ̀ ni tiyín.

OnílùÌkẹta · 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹnì kan ló fi ojú ìwé yìí ránṣẹ́ sí mi. Èmi ni onídírọ́ọ̀mù tí wọ́n ń sọ lókè yẹn 😐

GìtáÀpẹ́tẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, o ò sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn. Jẹ́ n bá ẹ parí ẹ̀. Tó o bá ń kọrin, o máa ń sáré. Tó o bá gbàgbé ọ̀rọ̀ orin, o máa ń dúró, èmi àti béèsì á máa yí po lórí kọ́ọ̀dù kan náà títí wàá fi rántí. Àwọn Jack Bruce àti Sting ti The Police náà ń kọrin tí wọ́n tún ń lu nǹkan, mo mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ọwọ́ wọn débi tí ọwọ́ ò ń bi ẹnu léèrè mọ́. Ìwọ, ẹnu ẹ àti ọwọ́ ẹ ṣì ń jà.

Ọ̀rọ̀ kejì, o máa ń kún jù. Gbogbo ìgbà ni kọ́ọ̀dù olókùn mẹ́fà, gbogbo ìgbà ni ámpù wà ní 8. Báwo ni sóló ò ṣe ní jọ aláìsàn tó bá dé, nígbà tó o ti ná gbogbo agbára ẹ tán láti orin àkọ́kọ́? Mo fẹ́ kíbọ́ọ̀dù torí ó rẹ̀ mí ni o, kì í ṣe torí mo kórìíra ẹ. Èmi nìkan ni mò ń bo gbogbo àṣìṣe wa mọ́lẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ Àkóbọ̀ yẹn mi ò lè di ṣíbí mú.

GìtáÀpẹ́tẹ̀ · 4:09 ìrọ̀lẹ́

Há. Ó kù kó o sọ ọ́ ní Mápó.

Béèsì_Agbowó · 4:30 ìrọ̀lẹ́

😂😂 Ẹ máà jà. Ṣùgbọ́n òótọ́ lonílù ń sọ. GìtáÀpẹ́tẹ̀, lọ gbọ́ The Police, gbọ́ Andy Summers, onígìtá wọn, dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìgbà kọ́ọ̀dù ẹ̀ ò ju okùn mẹ́ta lọ, ó máa ń yọ nọ́ọ̀tì àárín kúrò, á wá fi ẹ̀rọ tó ń dá ohùn padà gbé e, á jẹ́ kí kinní náà máa kú lọ fúnra ẹ̀. Sting ń rìn lábẹ́ bí oníréégè, Stewart Copeland ń ta hi-hat bí ẹni ń yínbọn. Àyè pọ̀ níbẹ̀ ju ohùn lọ. Ihò wà nínú orin wọn o, àmọ́ àwọn fúnra wọn ló gbẹ́ ẹ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó jìn sí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ ní Àkóbọ̀ ni pé o kún ilé fọ́fọ́ fún ogún ìṣẹ́jú, o wá kó gbogbo ẹrù jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ pé ilé ti fẹ́ tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Sóló ẹ gan-an, ta ló ní nọ́ọ̀tì ẹyọ kan ẹyọ kan ló gbọ́dọ̀ jẹ́? Jimi Hendrix, onígìtá ńlá yẹn, máa ń yọ àtàǹpàkò sórí ọrùn gìtá láti tẹ okùn ìsàlẹ̀ pátápátá, kí àwọn ìka tó kù lè máa ṣe kọ́ọ̀dù àti orin pọ̀. Òun nìkan ló ń ṣe ìyáàlù àti omele. Mi ò ní kó o di Hendrix lọ́la o.

Ẹ ṣe báyìí: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí kíbọ́ọ̀dù. Gbé ámpù sí 5. Má ta ju okùn mẹ́ta lọ nígbà tó o bá ń kọrin. Oníbéèsì gòkè nínú sóló, ẹ fi fóònù ká a, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe lójú ẹsẹ̀ tí ara yín ṣì gbóná. Tí ihò bá ṣì wà, ẹ gba oníkíbọ́ọ̀dù.

ỌmọỌ̀jọ́ọ̀_Kànádà · 7:48 alẹ́

Mo ń ka gbogbo yín láti ibi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó tíì sọ èyí tó dùn mí jù.

Èmi ni mò ń lu béèsì fún báńdì ẹlẹ́ni mẹ́ta kan nígbà tá a wà ní Poly. Ọdún mẹ́rin la fi ṣe é. Mo gba físà ní 2019, mo sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí n tó lọ, ẹ̀rù bà mí ni mi ò tètè sọ. Báńdì yẹn kú lọ́jọ́ tí mo wọ ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n mú ẹlòmíì, ó mọ béèsì jù mí lọ pàápàá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí èmi fi ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìlù, ibẹ̀ ni onígìtá ti máa ń gba ẹsẹ̀ wọlé, ẹni tuntun ò pẹ́, ó máa ń bọ́ sí i gééré, onígìtá wá ń ṣubú lu nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Orin ogún tá a ní, kò sí ìkan tó padà dúró. Tó bá jẹ́ báńdì ẹlẹ́ni mẹ́jọ ni mo ti kúrò, wọ́n á bú mi lọ́jọ́ kan, wọ́n á sì lọ sóde lọ́jọ́ kejì.

Bàbá, ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù lóòótọ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá yọ ìkan ńkọ́?

BàbáRẹ́kọ́ọ̀dù_Mọ́kọ́lá · 8:20 alẹ́

Ọmọ mi, o fọwọ́ kan ibi tó ń dùn. BLO náà rí i. Odumosu lọ dara pọ̀ mọ́ báńdì Osibisa ní London, wọ́n mú ẹlòmíì, wọ́n ń ṣe àwo lọ, ṣùgbọ́n etí mi ò gbà wọ́n bíi ti Chapter One mọ́, bóyá àgbà ló ń ṣe mí. Laolu wá di ẹni tó ń ṣe pirodúsà, òun ló ṣe àwo Ace fún Shina Peters ní 1989, ẹ ò rí i bí ayé ṣe ń yí, onílù ẹlẹ́ni mẹ́ta ló wá bá wa to ariwo jùjú tó gba ìgboro kan.

Cream, ọdún méjì péré. Èyí tó jọ mí lójú ni ZZ Top, àwọn mẹ́ta kan náà láti 1970 títí Dusty Hill fi kú ní 2021. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta! Ẹni tó ń bá wọn tọ́jú gìtá ló gba béèsì lẹ́yìn ẹ̀, torí òun nìkan ló ti ń gbọ́ wọn lójoojúmọ́ láti ẹ̀yìn. O ti dé Kànádà, ṣé o ṣì ní béèsì lọ́wọ́?

ỌmọỌ̀jọ́ọ̀_Kànádà · 8:26 alẹ́

Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sà.

OníKíbọ́ọ̀dù_Ṣáńgo · 9:03 alẹ́

Ẹ jẹ́ á sọ òótọ́, ẹnì kẹrin ìbá ti gba báńdì yẹn là. Mo ti sọ tèmi.

GìtáÀpẹ́tẹ̀ · lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n padà wá jíṣẹ́.

A ṣe ohun tí Àǹtí Béèsì_Agbowó sọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyà ni. Oníbéèsì wa ò fẹ́ gòkè, ó ní ìsàlẹ̀ lòun mọ̀. Nígbà tó wá gòkè, àbá pé kó lu nọ́ọ̀tì méjì pọ̀ yẹn ń dún bí ọkọ̀ tó fẹ́ kú títí tá a fi rí i pé ó gbọ́dọ̀ gùn jìnnà sókè kó tó mọ́. Ó yá pẹ́dàlì lọ́wọ́ ẹnì kan ní Bódìjà. Èmi dín kọ́ọ̀dù mi kù, ọwọ́ mi ò mọ ibi tí ó máa wà, mo máa ń dúró bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, a ká a sórí fóònù. Mo gbọ́ ọ nínú kẹ̀kẹ́ Marúwá ní ọ̀nà Ṣáńgo, mo ní kí awakọ̀ ó dúró. Sóló wọlé, ilẹ̀ ò já! Béèsì ń kùn níbẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kẹrin wà. Ẹ̀gbọ́n Àyàn, omele ti wà nílé tẹ́lẹ̀ lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ oníkíbọ́ọ̀dù wá. A ò fẹ́ tan ara wa, a pè é wá sí rìhásà, ọmọ dáadáa ni, ó sì mọ̀ ọ́n tẹ̀. Orin mẹ́rin la fi ṣe é pẹ̀lú ẹ̀. Àwọn orin highlife méjì, ó mú wọn dùn kọjá bó ṣe yẹ, ìyẹn la ti mọ̀ pé a ti ń fi ìyà jẹ àwọn orin yẹn láti ọjọ́ yìí. Àwọn rọ́ọ̀kì méjì tó kù, gbogbo àyè tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ló di. Kò ṣe nǹkan burúkú kankan o, ó kàn ń tẹ kọ́ọ̀dù jẹ́jẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí pásítọ̀ bá ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ béèsì mọ́.

Nǹkan tá a wá fẹnu kò sí ni pé tó bá jẹ́ òde ìnáwó, òun náà á wà níbẹ̀, mẹ́rin la ó jẹ́, a ó sì pín owó sí mẹ́rin. Tó bá jẹ́ tiwa, wákàtí kan, àwa mẹ́ta ni. Onílù ní òun gbà bí mo bá lè kọrin kan délẹ̀ láìsáré. Mo ti ń fi fóònù tí ń lu kọ́ kọ́ kọ́ létí kọ́ ọ lálaalẹ́, ìyàwó mi ti kó lọ sí yàrá kejì.

OnílùÌkẹta · 6:15 ìrọ̀lẹ́

Ó ṣì ń sáré. Ṣùgbọ́n ó ti dín kù.

OnísípíkàChallenge · 6:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ gbọ́, tẹ́ ẹ bá di mẹ́rin ní òde ìnáwó, ibo ni kíbọ́ọ̀dù máa jókòó nínú Micra?

GìtáÀpẹ́tẹ̀ · 6:52 ìrọ̀lẹ́

Orí itan oníbéèsì. Ìyẹn nìkan ni ìjà tó kù.

BàbáRẹ́kọ́ọ̀dù_Mọ́kọ́lá · 7:10 alẹ́

Ọjọ́ wo lẹ tún ń ṣe ti ẹlẹ́ni mẹ́ta? Mo fẹ́ wá jókòó.

GìtáÀpẹ́tẹ̀ · 7:14 alẹ́

Sátidé yìí l'Àpẹ́tẹ̀, aago márùn-ún, ní yàrá rìhásà wa níbẹ̀, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì. Àga ò pọ̀ sà, ṣùgbọ́n tiyín wà nílẹ̀. Ẹlòmíì tó bá ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú epo lítà kan kan dání, iná ò tíì dé látàárọ̀.